Ọwọ́ ló fi sáré: ìdáhùn nípa Tanni Grey-Thompson

Ìyá kan tó ń gbé ní Cardiff, olú ìlú Wales, kọ̀wé béèrè pé: “Ọmọbìnrin mi pé ọdún 12. Spina bifida ni wọ́n bí mọ́ ọn, àga onítáyà ló fi ń rìn. Olùkọ́ rẹ̀ ní kó lọ ka ìtàn Tanni Grey-Thompson, pé ọmọ Cardiff ni, pé irú ara kan náà ni wọ́n ní. Mo rí i pé ó fi kẹ̀kẹ́ sáré gba góòlù 11, mo tún rí i pé wọ́n ń pè é ní Baroness. Ṣé góòlù ni wọ́n fi joyè ní ìlú yìí ni? Báwo tiẹ̀ ni èèyàn ṣe ń fi kẹ̀kẹ́ sáré, ṣé ọmọ mi lè ṣe é? Ẹ má bínú, ìbéèrè mi pọ̀.”

Ìyá wa, ìbéèrè yín kò pọ̀ rárá. Góòlù ló jẹ́ kí gbogbo ilẹ̀ Bírítéènì mọ obìnrin yìí, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá bi mí pé kí ni iṣẹ́ tó ṣe, góòlù kọ́ ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà ni mo máa dárúkọ. Láti kékeré rẹ̀, níbikíbi tí wọ́n bá ti ní kò lè wọlé, ohun tí òun àti àwọn òbí rẹ̀ máa ń béèrè ni pé ta ló kọ́ ilé náà bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni eré sísá àti oyè ti pàdé.

Ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 1969 ni wọ́n bí i ní Cardiff. Carys Davina Grey ni wọ́n sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Sian, tí òun fúnra rẹ̀ ṣì kéré, wo ọmọ tuntun náà, ó ní ó “tiny”, ìyẹn ni pé ó rí bíńtín. Ahọ́n ọmọdé ló yí i sí Tanni. Àlàjẹ́ bo orúkọ mọ́lẹ̀ pátápátá, débi pé nígbà tí òun náà bímọ obìnrin ní ọdún 2002, Carys tó ti wà nílẹ̀ láìlò ló fi sọ ọmọ náà.

Ẹ ti mọ spina bifida nílé yín, nítorí náà mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ 4 àkọ́kọ́ tí oyún dúró, kí ọ̀pọ̀ obìnrin tó mọ̀ rárá pé àwọn lóyún, ni ẹ̀yìn ọmọ yẹ kó pa dé. Bí ibì kan bá ṣí sílẹ̀, àwọn iṣan tó gba ibẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ á bà jẹ́. Kì í ṣe àfọwọ́fà ẹnikẹ́ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé ayé. Ohun kan péré ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn: ẹni tó bá ti bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí, tó tún fẹ́ lóyún, oògùn fítámì folic acid tirẹ̀ kì í ṣe 400 máíkírógíráàmù tí gbogbo obìnrin ń lò. Míligíráàmù 5 ni dókítà máa ń kọ fún un, kó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó kí oyún tó dúró, títí di ọ̀sẹ̀ 12. Tanni rìn díẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré. Bí ara rẹ̀ ṣe ń wúwo sí i, ẹsẹ̀ kò lè gbé e mọ́. Nígbà tó máa fi tó nǹkan bí ọmọ ọdún 7, àga onítáyà ló fi ń lọ sí ibi gbogbo.

Ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ti ilé ìwé. Ó ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Birchgrove, láàárín àwọn ọmọ àdúgbò. Nígbà tó kan ilé ìwé girama, ohun tí ìjọba fẹ́ ni pé kó lọ sí ilé ìwé àkàndá, torí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe fún gbogbo ọmọ tó bá wà lórí àga. Peter, bàbá rẹ̀, ayàwòrán ilé ni. Ó mọ̀ dájú pé ohun tí èèyàn yà sórí ìwé ni wọ́n kọ́, wọ́n sì lè yà á lọ́nà mìíràn. Òun àti Sulwen ìyàwó rẹ̀ di ìròyìn Warnock ti ọdún 1978 mú, ìyẹn ìròyìn ìgbìmọ̀ ìjọba lórí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ àkàndá, èyí tó ní kí àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ máa kàwé pẹ̀lú ẹgbẹ́ wọn níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Wọ́n ní bí ó bá gba kí àwọn gbé mínísítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ Wales lọ sí ilé ẹjọ́, àwọn á gbé e lọ. Ìjọba gbà. Ṣùgbọ́n St Cyres ní Penarth, lẹ́yìn ìlú, ni ọmọ náà lọ, torí pé ibẹ̀ ni àga onítáyà ti lè wọlé. Ẹ kíyè sí i: wọ́n borí lórí ìwé tán, àtẹ̀gùn ṣì wà ní àwọn ilé ìwé tó kù.

Ọmọ ọdún 13 ló wà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi kẹ̀kẹ́ sáré. Ní ọdún 1984 ó ṣojú Wales níbi ìdíje àwọn ọ̀dọ́ oníkẹ̀kẹ́, ó sì gba ipò kìíní ní mítà 100. Ní ọdún kejì rẹ̀ ló rí Chris Hallam lórí tẹlifíṣọ̀n, ọmọ Wales bíi tirẹ̀, tó ń gba ipò kìíní nínú London Marathon ti àwọn oníkẹ̀kẹ́. Ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun náà máa sá a. Ó sá a lóòótọ́, ó sì gba ipò kìíní lẹ́ẹ̀mẹ́fà: 1992, 1994, 1996, 1998, 2001 àti 2002. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni kí ẹ wò dáadáa. Oṣù Kejì ọdún 2002 ló bímọ. Oṣù Kẹrin ọdún náà ló sá eré kìlómítà 42. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ ní gbangba pé nígbà tí òun lóyún ọmọ náà, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n fi lọ òun ní ilé ìwòsàn ni kí wọ́n ṣẹ́ ẹ. Ọ̀pọ̀ ló rò pé ara tí kò lè rìn kò lè bímọ. Ọkọ rẹ̀, Ian Thompson, òun náà ń fi kẹ̀kẹ́ sáré.

Nísinsìnyí, àwọn góòlù náà. Seoul 1988 ni Paralympics rẹ̀ àkọ́kọ́, ìyẹn Olympics ti àwọn àkàndá, bàbà kan ló mú wálé, ní mítà 400. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní ẹ̀yìn, ó sì jókòó sílé ọdún kan gbáko. Ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Loughborough ní ọdún 1991, nínú ìmọ̀ òṣèlú àti ètò ìgbáyé-gbádùn àwùjọ. Ẹ fi ìyẹn sí apá kan, a máa padà sí i.

Barcelona 1992 ni ọ̀rọ̀ wà. Mítà 100, 200, 400, 800: góòlù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Fàdákà kan tún wà nínú eré àfọwọ́gbà. Nínú ti mítà 400, òun ni obìnrin oníkẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́ tó sá a tí kò tó ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó bá mọ eré ẹlẹ́sẹ̀ á ní irọ́ ni, torí pé ẹni tó ń sá mítà 100 kì í bá ẹni tó ń sá 800 dù ú. Lórí kẹ̀kẹ́, ó rí bákan náà, ó tún yàtọ̀. Ohun tó le jù ni láti gbéra: kẹ̀kẹ́ dúró, apá nìkan ló máa mú un kúrò nílẹ̀. Bó bá ti ń yí tán, kò ní dúró láàárín ìtì kan, ìyẹn ìgbà kan tí ọwọ́ tì í, sí èkejì bí ẹsẹ̀ ṣe ń balẹ̀. Nítorí náà ẹni tó lè gbéra kíá, tó sì ní ọgbọ́n orí, lè jẹ gàba láti 100 dé 800. Tanni ní méjèèjì.

Níbi Paralympics Barcelona yẹn kan náà ni Adeoye Ajibola, ọmọ Nàìjíríà, ti sá mítà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá 10.72 ní ìpele àwọn tí apá wọn gé. Ìyẹn dúró ní àkọsílẹ̀ ayé títí di ọdún tó lé ní 20. Ẹ sọ èyí fún ọmọ yín pẹ̀lú, kó má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó nìkan ni.

Atlanta 1996 kò rọgbọ bíi Barcelona: fàdákà 3, góòlù 1 ní mítà 800. Ní Sydney 2000 ó tún kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà, mítà kan náà, 100 títí dé 800. Athens 2004 ni ìkẹyìn, ibẹ̀ sì ni mo rí ìwà rẹ̀ jù. Mítà 800 ló kọ́kọ́ sá, èyí tó ti gbà nígbà mẹ́ta léraléra. Ipò keje ló gbà. Eré 800 àwọn oníkẹ̀kẹ́ dà bí ayò: lẹ́yìn kọ́nà àkọ́kọ́ gbogbo èèyàn á kúrò lójú ilà tiwọn, wọ́n á wọ inú ara wọn, ẹni tó wà níwájú ló ń fi àyà gba atẹ́gùn, ẹni tó rọ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ á máa sinmi. Bí wọ́n bá wá há ẹ mọ́ ẹ̀gbẹ́ inú, tí kẹ̀kẹ́ kan wà níwájú, òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sí agbára apá tó lè yọ ẹ́ títí wọ́n á fi dé òpin. Kẹ̀kẹ́ kò ṣeé gbé sọ́tùn-ún bí èèyàn ṣe ń gbé ẹsẹ̀. Lẹ́yìn irú ìyẹn, ọ̀pọ̀ eléré ló máa ń tú ká. Tanni padà wá sójú pápá, ó gba góòlù ní mítà 100, ó tún gba ti 400. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ góòlù 11, fàdákà 4, bàbà 1, láti Paralympics 5. Ó fẹ̀yìn tì nínú oṣù Karùn-ún ọdún 2007, lẹ́yìn ìdíje kan ní Manchester.

Ó ku ibì kan tí mo mọ̀ọ́mọ̀ fò. Lẹ́yìn Sydney, ní oṣù Kejìlá ọdún 2000, BBC ṣe àṣálẹ́ tí wọ́n fi ń yan eléré tó ta yọ jù lọ́dún. Àwọn aráàlú fi ìbò gbé Tanni sí ipò kẹta, lẹ́yìn Steve Redgrave tó ń fi ọkọ̀ àjẹ̀ díje àti Denise Lewis eléré orí pápá. Wọ́n dárúkọ rẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́, ó sì jókòó síbi tó wà. Wọn ò ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí orí pèpéle, àtẹ̀gùn nìkan ló wà. Gbogbo ilẹ̀ náà ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n. Àwọn èèyàn bínú, BBC sì tọrọ àforíjì. Ní tèmi, àṣálẹ́ ọjọ́ náà kọ́ àwọn ará Bírítéènì ju góòlù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ. Òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn àkàndá léèwọ̀ ti wà láti ọdún 1995. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó rántí pátákó kan tí wọn ì bá fi tẹ́ orí àtẹ̀gùn. Kò sẹ́ni tó kórìíra rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn yẹn. Wọn ò kàn rò ó ni, àìròó yẹn gan-an ló sì ti pọ̀ jù.

Ọ̀rọ̀ oyè wá. Wọ́n fún un ní MBE ní 1993, OBE ní 2000, wọ́n sọ ọ́ di Dame ní 2005. Àwọn wọ̀nyí ni oyè ìdánilọ́lá tí góòlù lè mú wá. Baroness ti ọdún 2010 yàtọ̀, iṣẹ́ ló wà nídìí rẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé ó ní ìjókòó ní House of Lords, ilé aṣòfin àgbà, títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Kì í ṣe oyè ìdílé: ọmọ rẹ̀ kò ní jogún rẹ̀. Baroness Grey-Thompson of Eaglescliffe ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, kò sì sí nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Àárín àwọn tí wọ́n ń pè ní crossbench ló jókòó sí, tí wọ́n ń dìbò bí ọkàn wọn ṣe darí wọn. Ìwé tó kà ní Loughborough ló wúlò fún un níbẹ̀. Owó ìrànwọ́ àwọn àkàndá, ọkọ̀ ojú irin, ilé gbígbé, àti àtakò sí òfin tó máa gba dókítà láàyè láti ran ẹni tó fẹ́ kú lọ́wọ́: lórí ìwọ̀nyí ni ẹ máa ti gbọ́ ohùn rẹ̀ jù. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2017 ó kọ ìròyìn kan fún ìjọba nípa bí ó ṣe yẹ kí wọ́n máa tọ́jú àwọn eléré, pàápàá àwọn ọmọdé, kí ife-ẹ̀yẹ má bàa di ohun tí wọ́n ń fi ara ọmọ rà. Ó dábàá pé kí ẹnì kan wà tí eléré lè fẹjọ́ sùn, tí kò sí lábẹ́ àwọn tó ń darí eré náà.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, nígbà tí Paralympics Paris ku ọjọ́ díẹ̀, ọkọ̀ ojú irin gbé e dé ibùdókọ̀ King's Cross ní Lọ́ńdọ̀nù lálẹ́. Ẹni tó yẹ kó gbé pátákó wá kí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lè sọ̀ kò dé. Ó dúró, ó dúró. Nígbà tó sú u, ó ju ẹrù rẹ̀ sí ilẹ̀, ó sọ̀ kúrò lórí àga, ó fi ìdí wọ́ ara rẹ̀ jáde kúrò nínú ọkọ̀. Ẹni ọdún 55, aṣòfin, olówó góòlù 11. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà tọrọ àforíjì. Láti ilé ìwé Penarth dé ibi yẹn lé ní 40 ọdún, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Bó ṣe wá rojọ́ náà lẹ́yìn rẹ̀ ló yẹ kí ọmọ yín kọ́: kò ní kí wọ́n ṣàánú òun, ó ní iṣẹ́ tí wọ́n gba owó rẹ̀ ni wọn ò ṣe.

Ẹ jẹ́ ká wá lọ sórí kẹ̀kẹ́.

Kẹ̀kẹ́ ìsáré kì í ṣe àga onítáyà tí ẹ mọ̀. Ẹsẹ̀ 3 ló ní: méjì ńlá lẹ́yìn, ọ̀kan kékeré níwájú ní orí ọ̀pá gígùn. Òfin ìdíje ní ẹsẹ̀ ńlá, pẹ̀lú táyà tó kún, kò gbọ́dọ̀ ju 70 sẹ̀ǹtímítà lọ láti etí kan dé èkejì. Kékeré kò gbọ́dọ̀ ju 50 lọ. Kò gbọ́dọ̀ ní jíà tàbí ẹ̀rọ kankan tó ń ràn án lọ́wọ́. Lára ẹsẹ̀ ńlá kọ̀ọ̀kan ni òrùka kan wà, òrùka kan ṣoṣo, tí wọ́n fi rọ́bà wé. Òun ni wọ́n ń tì. Àwọn ẹsẹ̀ ńlá náà dagun: orí wọn sún mọ́ra, ìsàlẹ̀ wọn ya, kí kẹ̀kẹ́ má bàa dojú dé ní kọ́nà, kí apá sì lè dé orí òrùka láìgbún ìgúnpá. Òfin tún ní dígí awòyìn kò sí lórí pápá, akoto sì jẹ́ dandan láti mítà 800 sókè.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọmọ yín pé ó máa di òrùka náà mú. Ẹni tó bá di í mú ń fa kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn ni. Ìbọ̀wọ́ líle ni wọ́n ń wọ̀, ọwọ́ á ká bí ìkúùkù nínú rẹ̀, wọ́n á sì fi ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò àti oríkèé ìka lu òrùka náà bí ẹni ń lu nǹkan sísàlẹ̀. Bí ẹ bá wo ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ bí ojú aago, ìkúùkù á kan òrùka ní nǹkan bí aago 1, á bá a lọ sísàlẹ̀ títí dé nǹkan bí aago 6 tàbí 7, ọrùn ọwọ́ á ta á sílẹ̀, ìgúnpá á sì gòkè lẹ́yìn kó tó tún sọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ eré, ìtì kúkúrú tó wúwo ni. Bí kẹ̀kẹ́ bá ti yá, ìtì á gùn sí i. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé ọmọ á gbé àyà sókè nígbà tó ń gbéra, ẹsẹ̀ iwájú á fò kúrò nílẹ̀, kẹ̀kẹ́ á sì yà.

Fún Tanni, ọ̀rọ̀ àyà yìí ló ṣe pàtàkì jù. Ìpele T53 ló wà ní ìpín tòní, tí wọ́n fi ń pín àwọn eléré gẹ́gẹ́ bí iṣan tó ń ṣiṣẹ́ lára wọn: apá rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n iṣan ikùn àti ti ẹ̀yìn kò ràn án lọ́wọ́. Àwọn T54 lè fi ikùn gbé àyà sókè kí wọ́n sì jù ú sísàlẹ̀ bá ìtì kọ̀ọ̀kan, tí gbogbo ara á fi wọ inú rẹ̀. T53 á dùbúlẹ̀ lé orúnkún rẹ̀, èjìká àti apá ni yóò sì ṣe gbogbo rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹ kò fi gbọ́dọ̀ fi àsìkò ọmọ yín wé ti ọmọ mìíràn kí wọ́n tó mọ ìpele tó wà. Àwọn tó ń yẹ ara wò fún ìpele á béèrè ìwé dókítà, wọ́n á dán iṣan kọ̀ọ̀kan wò, wọ́n á sì wò ó lórí kẹ̀kẹ́. Ní Paris 2024, Catherine Debrunner ti Switzerland ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú góòlù T53. Samantha Kinghorn ti Scotland ló já mítà 100 gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ wá eré wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ sì jọ wo èjìká wọn.

Kọ́nà wá ńkọ́, nígbà tí ọwọ́ méjèèjì ń ti òrùka? Irin kékeré kan wà lókè ẹsẹ̀ iwájú, tó ní sípíríǹgì nínú, compensator ni wọ́n ń pè é. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, eléré á gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sínú ilà tó máa sá, á tò ó títí kẹ̀kẹ́ á fi máa tẹ̀ lé kọ́nà fúnra rẹ̀. Bó bá dé kọ́nà, á fi ọwọ́ gbá irin náà lẹ́ẹ̀kan, ẹsẹ̀ iwájú á yà sósì, á sì dúró bẹ́ẹ̀. Bó bá dé ibi tó tọ́, á gbá a padà. Ilà 1 ká ju ilà 8 lọ, nítorí náà títò ti àná lè máà bá ti òní mu. Bí wọ́n bá tò ó kù, kẹ̀kẹ́ á rọra ṣí lọ sínú ilà ẹlòmíràn, wọ́n á sì lé e jáde nínú eré náà. Ọmọdé tó ń kọ́ ọ máa ń gbàgbé láti gbá a padà, ó sì máa bá ara rẹ̀ lórí koríko. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni, yóò mọ́ ọn lára.

Ṣé ọmọ yín lè ṣe é? Kò sí ohun tí ẹ sọ tó ní kò lè ṣe é, ọdún 12 kò sì pẹ́. Ẹ pe Disability Sport Wales, Sophia Gardens ní Cardiff níbẹ̀ ni wọ́n wà. Àwọn ló mọ ẹgbẹ́ tó ní kẹ̀kẹ́ tí ọmọ lè fi dánra wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra tuntun. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn ni, ara ọmọ tó ń dàgbà ni wọ́n sì máa wọ̀n ọ́n mọ́; kó tó ọdún méjì kò ní gbà á mọ́. Kẹ̀kẹ́ tó bá fẹ̀ ju ìdí ọmọ lọ ń jẹ agbára rẹ̀, torí pé bó ṣe ń tì ni ara rẹ̀ ń yọ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Èyí tó bá fún un jù burú ju ìyẹn lọ.

Ìdí rẹ̀ ni pé ibi tí ọmọ kò ti ní ìmọ̀lára, kò ní mọ̀ bí nǹkan bá ń ha á. Egbò ìjókòó lè gba oṣù púpọ̀ kó tó jinná. Lẹ́yìn gbogbo ìdánrawò, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ fi dígí wo ìdí, orúnkún àti ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀. Awọ ara tiwa dúdú, nítorí náà ẹ má dúró de pupa: ẹ wá ibi tó dúdú ju àyíká rẹ̀ lọ, tó gbóná, tàbí tó le bí ẹni tẹ ìyẹ̀fun tó ti gbẹ. Bí kò bá lọ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kẹ̀kẹ́ náà kò gbọ́dọ̀ gba ọmọ títí awọ á fi padà sípò, ẹ sì ní kí wọ́n tún ìjókòó rẹ̀ ṣe.

Èkejì ni rọ́bà. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n bí pẹ̀lú spina bifida ni ara wọn kì í gba latex, nígbà mìíràn ó máa ń le débi pé èémí á há. Rọ́bà wà lára òrùka, ó wà nínú táyà, ó lè wà nínú ìbọ̀wọ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ tó kàn án, kí ẹ sì sọ fún kóòṣì. Bí ó bá ní páìpù kékeré tó ń fa omi kúrò ní orí, kí akoto má tẹ ibẹ̀. Èjìká rẹ̀ náà ńkọ́? Èjìká yẹn kan náà ló fi ń gun ibùsùn, tó fi ń wọ mọ́tò, tó máa lò títí ọjọ́ alẹ́. Títì nìkan á mú kí iwájú èjìká le ju ẹ̀yìn lọ. Kí kóòṣì fún un ní okùn rọ́bà tí kò ní latex, kó máa fi fa nǹkan sí ara, lọ́jọ́ tí kò bá gun kẹ̀kẹ́.

Ní ti ìrìn àjò lọ sí pápá, bí ọkọ̀ ojú irin ni ẹ máa wọ̀, ẹ lè sọ fún wọn ṣáájú nípasẹ̀ Passenger Assist, wákàtí 2 kí ẹ tó gbéra ti tó. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó dá yín lóhùn àti àsìkò rẹ̀ sílẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ìsáré ní tirẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ lè fẹ̀ ju ẹnu ọ̀nà yàrá lọ nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ya. Bọ́tìnì kan wà láàárín ẹsẹ̀ ńlá kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ náà á yọ. Ẹ kọ́ ọmọ náà láti máa yọ ọ́ fúnra rẹ̀, ẹ sì wọn ẹnu ọ̀nà ilé yín kí ẹ tó lọ yá kẹ̀kẹ́.